VAT, Port Harcourt àti Iṣẹ́ Ọwọ́

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 2021, Adájọ́ Stephen Pam ti Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Port Harcourt dájọ́ pé àjọ FIRS, tó ń gba owó-orí fún ìjọba àpapọ̀ nígbà náà, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti máa gba VAT, ìyẹn owó-orí orí ọjà àti iṣẹ́, ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Gómìnà Nyesom Wike buwọ́ lu òfin VAT ti ìpínlẹ̀ náà. Èkó kò jáfara: ọjọ́ 10 oṣù Kẹsàn-án ni Gómìnà Sanwo-Olu buwọ́ lu tiwọn. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàṣẹ l'Ábùjá pé kí ohun gbogbo dúró bó ṣe wà.

Ta ni yóò gba owó? Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nìyẹn. Wike ní bílíọ̀nù 15 náírà ni wọ́n kó ní Rivers ní oṣù Kẹfà ọdún náà, bílíọ̀nù 4.7 péré ló padà wá. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni owó náà ń wọ̀ lọ́rùn? Kò sẹ́ni tó dárúkọ télọ̀ Mile 1, onídìrí Diobu tàbí mẹkáníìkì Ikoku ní Port Harcourt.

Ó ti pẹ́ tó ti rí bẹ́ẹ̀. Òfin ọdún 1986 fi owó-orí ọjà mọ sórí oríṣi ọjà mẹ́sàn-án àti òtẹ́ẹ̀lì. Àṣẹ kejìlélọ́gọ́rùn-ún ti ìjọba ológun ní ọdún 1993 ló wá sọ ọ́ di VAT, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbà ní oṣù Kìíní ọdún 1994, náírà márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ ọwọ́ bọ́ sínú àwọ̀n.

Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹni tó ń ta ọjà lè yọ VAT tó ti san nígbà tó rajà kúrò nínú èyí tó fẹ́ san fún ìjọba. Kí ni onídìrí yóò yọ? Owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ló kó ìnáwó rẹ̀ jù, kò sì sí VAT lórí owó oṣù. Títí di òpin ọdún 2025, òfin tún fi ìyọkúrò náà mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tajà tàbí tó ń ṣe ọjà jáde.

Ilẹ̀ Yúróòpù ti rí ìṣòro yìí. Ní ọdún 1999, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gba àwọn orílẹ̀-èdè láyè láti dín VAT kù lórí irun gígẹ̀, àtúnṣe bàtà, aṣọ àti kẹ̀kẹ́, àti àtúnṣe ilé, kí iṣẹ́ lè pọ̀ sí i. Nẹ́dálándì gé ti irun gígẹ̀ láti 17.5 sí 6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí ọdún 2003 kò rí ẹ̀rí tó dájú pé iṣẹ́ pọ̀ sí i, síbẹ̀ ní 2009 Àjọ náà sọ ọ́ di òfin tó dúró.

Nàìjíríà gba ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí VAT gòkè sí 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù Kejì ọdún 2020, ìjọba yọ ẹni tí títà rẹ̀ lọ́dún kò tó mílíọ̀nù 25 náírà sílẹ̀. Àánú gidi ni fún oníṣẹ́ kékeré, ṣùgbọ́n bí ilé iṣẹ́ ṣe tóbi tó nìkan ni wọ́n wò. Káfíńtà tó gba ogún òṣìṣẹ́, tó sì kọjá ààlà yẹn, ń gba iye kan náà lọ́wọ́ oníbàárà nígbà náà bí ilé iṣẹ́ tó kún fún ẹ̀rọ.

Òfin tuntun tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 jẹ́ kí oníṣẹ́ náà lè yọ VAT orí ẹ̀rọ àti iṣẹ́ tó rà láti oṣù Kìíní ọdún 2026. Owó òṣìṣẹ́ ṣì wà níbi tó wà, 7.5 náà kò sì yẹ̀. Ẹ̀yin aṣòfin tó ń ṣojú Port Harcourt l'Ábùjá, ẹ gbé ọ̀rọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ ilé, kí ẹ sì béèrè fún iye tó kéré sí ti àwọn yòókù.