Bí Àmì Àyọlò Ṣe Ń Wọ Inú Ọ̀rọ̀ Yorùbá: Àyẹ̀wò láti Ikpinlè

Ó ṣòro kí ènìyàn kọ orúkọ ìlú mẹ́ta ní agbègbè Adja-Ouèrè, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kó má kọ è. Ikpinlè ní i, Massè ní i, Oko-Akarè ní i, Adja-Ouèrè fúnra rẹ̀ sì ní méjì. Bí a bá kọrí sí Pobè, a ó tún bá a níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo yìí tó láti fi mọ bí fáìlì kan ṣe rìn dé ilé ìtẹ̀wé. Bó bá gba ọ̀nà tó tọ́, Ikpinlè ni yóò jáde lórí bébà. Bó bá ṣìnà, IkpinlÃ¨ la ó rí, Adja-Ouèrè a sì di Adja-OuÃ¨rÃ¨. Bí àmì àyọlò bá wà nínú ìwé náà, « a di Â«, » a sì di Â». Apọ́sítírófì tí ó yẹ kó jẹ́ ’ á tú ká sí mẹ́ta: â€™.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rí irú èyí lórí ìwé ìkésíni ìnáwó tàbí lórí ìwé ètò ìsìnkú. Wọ́n a máa pè é ní àṣìṣe ẹ̀rọ, wọ́n á sì fi bíírò tún un kọ. Àpilẹ̀kọ yìí sọ pé àìsàn náà ní orírun tí a mọ̀ dáadáa, àti pé ìwòsàn tí ọ̀pọ̀ atòwé ń lò fún un, ìyẹn kí wọ́n máa wá àmì burúkú kọ̀ọ̀kan kí wọ́n sì máa fi èyí tó dára rọ́pò rẹ̀, ń ba èdè Yorùbá jẹ́ ju bó ṣe ń ba Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lọ.

Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà. Òǹkà ló mọ̀. Gbogbo ohun tí a bá tẹ̀ ló ń di nọ́ńbà, tábìlì kan ló sì ń sọ lẹ́tà tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Tábìlì ASCII tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1963 ní àyè 128 péré. Kò sí è nínú rẹ̀, kò sí «, kò sì sí apọ́sítírófì tó tẹ̀ bí ìwọ̀, ọ̀pá tééré kan, ', ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Nígbà tí ISO 8859-1 dé ní ọdún 1987, àyè di 256: è bọ́ sí 232, « bọ́ sí 171. Wọ́n fi œ ti àwọn Faransé sílẹ̀, ó sì di ọdún 1999 kí tábìlì mìíràn, ISO 8859-15, tó fún un láyè. Microsoft náà kó àwọn àmì àyọlò tó tẹ̀ sí 145 títí dé 148 nínú tábìlì tirẹ̀ tí ń jẹ́ Windows-1252. Tábìlì yìí gbilẹ̀ gidigidi, ìdí sì nìyẹn tí fáìlì àtijọ́ fi pọ̀ tí wọ́n fi í kọ.

UTF-8 yàtọ̀. Ken Thompson àti Rob Pike ló gbé e kalẹ̀ ní ọdún 1992 kí gbogbo èdè ayé lè wọ inú fáìlì kan. Ohun tó bá wà nínú ASCII ń jẹ báìtì kan. Èyí tó kù ń jẹ méjì, mẹ́ta tàbí mẹ́rin. È kékeré jẹ́ báìtì méjì, 195 àti 168. Apọ́sítírófì tó tẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, 226, 128 àti 153. Bí ètò kọ̀ǹpútà tó gbójú lé Windows-1252 bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀, yóò ka báìtì kọ̀ọ̀kan bí ẹni pé lẹ́tà odidi ni: 195 ni Ã, 168 ni ¨. Ará ẹnubodè tó ń ná sefa àti náírà yóò tètè lóye rẹ̀. Owó tí wọ́n kà fún un gẹ́gẹ́ bíi sefa, bó bá kà á bíi náírà, ìṣirò rẹ̀ yóò dàrú, bẹ́ẹ̀ owó náà kò ya, kò sì sọnù. Fáìlì tó gbé IkpinlÃ¨ jáde kò tíì bàjẹ́. Kíkà la ṣì í kà.

Ibí ni atòwé ti máa ń ṣe ohun tí kò yẹ. Dípò kó tún fáìlì náà kà pẹ̀lú tábìlì tó tọ́, yóò ṣí àpótí ìwáǹkan-rọ́pò, yóò wá gbogbo â€™, yóò fi ' rọ́pò wọn, yóò wá gbogbo “ àti ” tí kò bá a lára mu, yóò fi " rọ́pò wọn. Nínú lẹ́tà tí a kọ ní Gẹ̀ẹ́sì, ó lè mú un jẹ. Nínú ìwé Yorùbá, ìparun ni.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí Ó, ọ̀rọ̀ tí ó ṣeé ṣe kó bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn Yorùbá ju ọ̀rọ̀ mìíràn lọ. Báìtì rẹ̀ ni 195 àti 147, nọ́ńbà 147 sì ni àyè tí Windows-1252 fún àmì tó ń ṣí àyọlò. Nítorí náà « Ó dáa » á jáde bí Ã“ dÃ¡a, bí ẹni pé ẹnì kan fẹ́ sọ̀rọ̀. Ò di Ã’, ó gbé apọ́sítírófì dání. Ń kékeré, èyí tó wà nínú « ń lọ », di Å„, àmì tí àwọn ará Jámánì fi ń ṣí àyọlò láti ìsàlẹ̀. Ọ kékeré bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú á», ó gbé àmì tí Faransé fi ń pa àyọlò dé wọ àárín ọ̀rọ̀. Àwọn tó fara hàn bí àmì ìkọ̀wé níhìn-ín kì í ṣe àmì ìkọ̀wé rárá. Ìdajì lẹ́tà ni wọ́n. Ẹni tó bá fi " rọ́pò gbogbo “ ti pa ìdajì Ó, ìdajì tó kù, Ã, kò sì ní mọ ilé mọ́.

Ìkọ̀wé ti Bẹ̀nẹ̀ mú ọ̀ràn náà le sí i. Láti ọdún 1975 ni ìjọba ibẹ̀ ti fọwọ́ sí álífábẹ́ẹ̀tì kan fún àwọn èdè orílẹ̀-èdè náà, èyí tí CENALA, ilé-iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó wà ní Cotonou, tún yẹ̀ wò lẹ́yìn náà. Nínú rẹ̀, ẹ àti ọ ti àwọn ará Nàìjíríà di ɛ àti ɔ, ṣ di sh, p tí a ń fi ètè àti àfàsé pè lẹ́ẹ̀kan náà sì di kp. Ìkọ̀wé tó mọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí tábìlì bá yí padà, ɔ di É”, ɛ sì di É›. Méjèèjì parí sí àmì tó ń pa àyọlò dé. Ojú ìwé kan ní Nàgó tàbí ní Ọ̀họ̀rí, èdè tí wọ́n ń sọ ní ìgbèríko Ikpinlè, yóò wá kún fún àyọlò tí a pa dé tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Atòwé tí kò gbọ́ èdè náà yóò rò pé àmì burúkú ló wà níbẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n.

Ó yẹ ká rántí pé ọwọ́ ènìyàn náà ti ń da lẹ́tà àti àmì pọ̀ kí ẹ̀rọ tó bá wọn dá sí i. Ní Gánà, àwọn tó ń fi Twi ránṣẹ́ lórí fóònù sábà máa ń tẹ ) fún ɔ àti 3 fún ɛ, nítorí pé bọ́tìnnì lẹ́tà náà kò sí níwájú wọn. Níbi púpọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣe fọ́ǹtì tí wọ́n ti gbé lẹ́tà èdè abínibí jókòó sórí àyè àmì tí wọn kì í sábà lò. Ojú á rí lẹ́tà tó dára. Òǹkà tó wà lábẹ́ rẹ̀ ṣì jẹ́ ti àmì. Ní ọjọ́ tí wọ́n bá yí fọ́ǹtì padà, aṣọ á bọ́. Fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀, UTF-8 kọ́ ló ṣìnà. Ìwádìí lórí fọ́ǹtì àtijọ́ náà ló máa ṣí i, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, kí a tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Windows-1252 tún ní ọ̀fìn márùn-ún tí kò sí ohunkóhun nínú wọn: 129, 141, 143, 144 àti 157. Èdè tó bá ní orí burúkú ló ń já sí wọn, Yorùbá sì wà lára wọn. Báìtì kẹta ọ kékeré ni 141. Àmì ohùn òkè tí a ń gbé lé orí ẹ àti ọ parí sí 129. Àmì ” fúnra rẹ̀ parí sí 157. Nítorí náà ọ́, lẹ́tà kan lójú òǹkàwé, já sínú ọ̀fìn méjì. Ètò kọ̀ǹpútà tó láàánú á pa báìtì tí kò rí àyè yìí mọ́ bí ó ti wà. Èyí tó le á sọ ọ́ nù tàbí kó fi ? dí i. Ìgbà tí ìyẹn bá ṣẹlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kúrò ní àṣìkà, ó di àdánù.

Àdánù kejì wá láti òdìkejì. Fáìlì àtijọ́ tí wọ́n fi Windows-1252 kọ, tí ẹnì kan wá ṣí bí UTF-8, yóò gbé Ikpinl� jáde. È, é, « àti ’ á di � kan náà, àmì onídáyámọ́ǹdì tó túmọ̀ sí pé « mi ò mọ ohun tó wà níbí ». Bí a kò bá tíì fi í pamọ́, kò sí ohun tó ṣe é. Bí ẹnì kan bá ti tẹ bọ́tìnnì ìfipamọ́, orúkọ Sakété àti ti Pobè ti pàdánù ohun tó fi wọ́n hàn yàtọ̀, ẹ̀dà àkọ́kọ́ nìkan ló kù láti bẹ̀. Ìdí nìyí tí ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí atòwé ṣe fi jẹ́ kó ṣe ẹ̀dà fáìlì tí wọ́n fún un, kó sì fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án.

Lẹ́yìn náà ló kan ìwòsàn, kò sì gùn. Bí ojú ìwé bá ní Ã, â€ tàbí á», UTF-8 ni wọ́n kà bíi Windows-1252: kí a tún un ṣí gẹ́gẹ́ bí UTF-8. LibreOffice lè béèrè tábìlì tí a fẹ́ bí a bá ń ṣí fáìlì ọ̀rọ̀ lásán. Ètò kan tí ń jẹ́ iconv lè ṣe é fún fáìlì púpọ̀. Bí a bá rí IkpinlÃƒÂ¨, ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣìnà, ẹ̀ẹ̀mejì la ó sì dá a padà. Robyn Speer kọ ètò kan, ftfy, tó ń dá irú ìdàrúdàpọ̀ yìí mọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ń ran Yorùbá lọ́wọ́ ju bí a ti lè rò lọ, nítorí pé ẹ àti ọ ń gbé ojú kan náà nínú Unicode pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ará Vietnam, tí wọ́n ti jìyà àìsàn kan náà tipẹ́. Lẹ́yìn tí lẹ́tà bá ti bọ̀ sípò nìkan ló tọ́ kí a ṣí àpótí ìwáǹkan-rọ́pò, kí a yan irú àmì àyọlò kan fún gbogbo ìwé.

Àwọn tó ń fi LaTeX to ìwé ẹ̀kọ́ gíga ní ìtàn tiwọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Jörg Knappen ṣe fọ́ǹtì fc fún àwọn èdè Áfíríkà, Yorùbá sì wà lára wọn. Àyè 256 péré ló ní láti fi kó lẹ́tà gbogbo wọn jọ. LaTeX kò fi UTF-8 ṣe ìpìlẹ̀ títí di oṣù kẹrin ọdún 2018. Ṣáájú ìgbà yẹn, òǹkọ̀wé ló ń kéde tábìlì fáìlì rẹ̀. Bó bá kéde latin1 lórí fáìlì UTF-8, ẹ̀rọ kò ní sọ nǹkan kan; á tẹ IkpinlÃ¨ jáde pẹ̀lú ìbàlẹ̀ ọkàn. Bó bá kéde utf8 lórí fáìlì latin1, á dúró, á ní báìtì náà kò tọ́. Èyí tó dúró yìí ló sàn, bó tilẹ̀ ń múnú bí ẹni tí iṣẹ́ ń lé. Fún Yorùbá tó ní àmì ohùn lórí ẹ àti ọ, pdfLaTeX ṣì máa ń kọsẹ̀ lára àmì tí a gbé léra. XeLaTeX tàbí LuaLaTeX pẹ̀lú fọ́ǹtì bíi Charis SIL tàbí Gentium ló ń gbé e láìsí wàhálà.

Ìwé Bẹ̀nẹ̀ tún ń tẹ̀lé òfin Faransé: àlàfo tí kì í já máa ń wà lẹ́yìn «, ó sì máa ń wà ṣáájú », ;, ! àti ?. Àlàfo náà ní òǹkà tirẹ̀, 160 tàbí èyí tó tín-ín-rín jù ú lọ, U+202F. Bó bá dàrú, èkínní á fi Â sílẹ̀, èkejì á di â€¯. Kódà bí kò bá dàrú, fọ́ǹtì tí kò ní U+202F lè gbé àpótí òfìfo jáde, tàbí kó gbé e mì pátápátá. Ojú kò lè rí àlàfo tó sọnù. A ní láti wá a.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, è inú Ikpinlè ṣì kù. Bí a bá ti dá báìtì 195 àti 168 padà sí è, iṣẹ́ òǹkà ti parí, ṣùgbọ́n ará Abẹ́òkúta tó bá kà á yóò pè é bí e tó ní ohùn ìsàlẹ̀, nítorí pé ohun tí è jẹ́ nínú ìwé tirẹ̀ nìyẹn. Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ náà. È ibẹ̀ dúró fún ìró tí Nàìjíríà ń kọ bí ẹ, tí CENALA sì ń kọ bí ɛ. Ní Kétou, é dúró fún e lásán. Ẹni tó bá fi ẹ rọ́pò gbogbo è nínú àtòjọ àwọn ìlú ẹkùn Plateau ti Bẹ̀nẹ̀ kò tún òǹkà ṣe. Ó ti kúrò nídìí títo ìwé, ó ti ń yan ìkọ̀wé fún àwọn onílùú. Atòwé kò ní àṣẹ yẹn. Kó tẹ Ikpinlè bí ó ti bá a, kó sì fi Ipinlẹ àti Ikpinlɛ sílẹ̀ fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀.