Ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni ní Mowe àti Ibafo: ohun tó yẹ kí òbí Mùsùlùmí mọ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé Mowe àti Ibafo lónìí, Èkó ni wọ́n ti wá. Owó ilé ló lé wọn débẹ̀. Ìbéèrè tí wọ́n sábà máa ń gbé tọ̀ wá wá lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ilé-ìwé wo ni ká mú ọmọ lọ? Redemption Camp wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn níbẹ̀, ilé-ìwé tí àwọn Kìrìsìtẹ́nì dá sílẹ̀ sì pọ̀ lágbègbè náà. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ fi ju ọ̀rọ̀ owó lọ.

Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ àti dandan ni ẹ̀kọ́ ọdún 9 àkọ́kọ́: 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 3 ní JSS. SUBEB ìpínlẹ̀ Ògùn àti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba. Abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ni Mowe àti Ibafo wà, Owódé Ẹ̀gbá sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ifọ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ tirẹ̀. Ti gírámà, Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà, lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ àti TESCOM.

Ẹ má jẹ́ kí orúkọ ara ògiri ṣì yín lọ́nà o. Ilé-ìwé tó ń jẹ́ Anglican tàbí Ansar-ud-Deen lè jẹ́ ti ìjọba pátápátá, nítorí láti àwọn ọdún 1970 ni ìjọba ti gba ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́ ìjọ àti ẹgbẹ́. Ìjọba ló ń sanwó olùkọ́ ibẹ̀.

Ní ti aládàáni, ìwé àṣẹ ni ẹ kọ́kọ́ béèrè. Àwọn kan á gba ilé oníyàrá mélòó kan, wọ́n á kun ún lọ́dà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba àṣẹ ìjọba. Nígbà tí WAEC bá dé, ilé-ìwé mìíràn ni wọ́n ń forúkọ ọmọ sí, òbí kì í sì í tètè mọ̀. Ẹ béèrè ibi tí àwọn ọmọ SS3 wọn ti ṣèdánwò lọ́dún tó kọjá. Ẹ béèrè àpapọ̀ owó pẹ̀lú, torí owó ilé-ìwé nìkan kọ́: fọ́ọ̀mù wà, aṣọ wà, ìwé wà, lésìn ìrọ̀lẹ́ wà, àpèjẹ ìparí ọdún náà tún wà.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wá ńkọ́? Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa l'Èkó kọ̀ láti fi ọmọ sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì nítorí ìbẹ̀rù kí wọ́n má sọ wọ́n di Kìrìsìtẹ́nì, ìyẹn ló fà á tí ìjọba fi ṣí ilé-ìwé Mùsùlùmí níbẹ̀ lọ́dún 1896. Lónìí, abala 38 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi dandan mú akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn tàbí lọ síbi ìjọsìn tí kì í ṣe ti ẹ̀sìn rẹ̀, tàbí tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí. Ẹ wo ọ̀rọ̀ “òbí” yẹn dáadáa. Ẹni tó bá buwọ́ lu fọ́ọ̀mù pé ọmọ òun á máa lọ sí ìsìn ilé-ìwé, a ò rí ibi tó máa di òfin yìí mú mọ́. Ẹ ka fọ́ọ̀mù tán kí ẹ tó buwọ́ lù ú.

Hìjáábù pẹ̀lú: Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá ọmọbìnrin Mùsùlùmí láre ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022, adájọ́ 5 sí 2. Àmọ́ ilé-ìwé ìjọba l'Èkó ni ẹjọ́ náà dá lé lórí, ẹ má gbé e lọ bá aládàáni bí ẹni pé ó ti parí.

Ilé-ìwé Mùsùlùmí aládàáni náà wà fún ẹni tó lágbára rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ kí kéwú ọmọ ní ìwé ẹ̀rí, kí ó wá ilé-kéwú tó ń ṣe ìdánwò NBAIS ti Kàdúná. Ti ìrọ̀lẹ́ ló pọ̀ jù, lẹ́yìn ìrun Alásàrí, àsìkò náà gan-an ni lésìn máa ń lọ lọ́wọ́ lọ́dọ̀ aládàáni. Ẹ béèrè aago tí lésìn ń parí kí ẹ tó sanwó rẹ̀.