Síkì Ọ̀nà Jíjìn: Ìbẹ̀rẹ̀ Rẹ̀ fún Ọmọ Ilẹ̀ Tí Òjò Dídì Kì í Rọ̀

Síkì ọ̀nà jíjìn ni eré ìdárayá tí ènìyàn fi ń rin ìrìn gígùn lórí òjò dídì, pẹ̀lú pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì lẹ́sẹ̀ àti ọ̀pá méjì lọ́wọ́. Àwọn tó fi èdè Faransé kàwé ní Ṣábẹ̀ẹ́, ìlú tí a ń kọ ní Savè lórí àwòrán ilẹ̀ Benin, mọ̀ ọ́n sí ski de fond. Ó yàtọ̀ sí síkì ìsọ̀kalẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ ti ń gbé ènìyàn dé orí òkè kó tó wá máa yọ̀ bọ̀ nísàlẹ̀. Nínú ti ọ̀nà jíjìn, ẹsẹ̀ àti èémí ẹni ni ẹ̀rọ. Ìka ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n dè mọ́ pákó. Gìgísẹ̀ wà lómìnira, ó ń gbéra sókè bí ìgbà tí a ń rìn. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé nínú gbogbo eré orí òjò dídì, èyí ló sún mọ́ wa jù. Ẹni tó bá ti mọ eré ẹsẹ̀ sá, tó sì lè gun òkè láìdákú, ti ní ìdajì rẹ̀ lára.

Ẹ̀ka Collines ni Ṣábẹ̀ẹ́ wà, orúkọ tó túmọ̀ sí àwọn òkè. Àpáta ńláńlá ló yí ìlú náà ká, àwọn ni àwọn àlejò ń wá wò. Òtútù tó mú jù níbẹ̀ kò ju ti ọyẹ́ lọ. Yìnyín tí ìjì máa ń rọ̀ sórí páànù nígbà òjò àkọ́rọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń sọ níhìn-ín; òkúta omi ni ìyẹn. Òjò dídì fúyẹ́ bí òwú, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá sì ti fún un lórúkọ kí ojú ọ̀pọ̀ nínú wa tó rí i. Síbẹ̀, Benin ti dé ibi tí wọ́n ti ń fi síkì díje. Ní ọdún 2026, ní Milano àti Cortina ní Ítálì, orílẹ̀-èdè náà kópa nínú Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù fún ìgbà àkọ́kọ́, Nathan Tchibozo ló sì ṣojú rẹ̀. Síkì ìsọ̀kalẹ̀ ni tirẹ̀. Tí a bá ń wá síkì ọ̀nà jíjìn, àfi ká wo ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò.

Àwọn tó ti ṣíwájú

Togo kọ́kọ́ lọ sí Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ní Sochi ní ọdún 2014. Mathilde-Amivi Petitjean, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Togo, ló gbé àsíá wọlé, síkì ọ̀nà jíjìn ló sì ṣe. Ó tún padà lọ sí PyeongChang ní ọdún 2018. Ti Nàìjíríà ni Samuel Ikpefan, ẹnì kan ṣoṣo tí orílẹ̀-èdè náà rán lọ sí Beijing ní ọdún 2022. Síkì ọ̀nà jíjìn náà ni tirẹ̀. Orí òkè ilẹ̀ Faransé ni àwọn méjèèjì ti mọ síkì, nítorí náà a lè yọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n ìtàn wọn kò lè kọ́ àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ohun púpọ̀.

Ẹni tó lè kọ́ ọ ni Philip Boit ti Kenya. Eré 800 mítà ló ń sá. Kò rí òjò dídì rí títí di ọdún 1996, nígbà tí iléeṣẹ́ Nike gbé òun àti Henry Bitok lọ sí Finland láti kọ́ síkì. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ó wà ní Nagano ní Japan, nínú eré kìlómítà mẹ́wàá. Bjørn Dæhlie ti Norway ló gba ipò kìíní. Boit ṣe ipò 92, òun ló kẹ́yìn gbogbo àwọn tó parí eré náà, ó sì fi ogún ìṣẹ́jú dé lẹ́yìn Dæhlie. Akọni yẹn kò tíì lọ gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀. Ó dúró síbi ìparí eré títí Boit fi dé, ó sì gbá a mọ́ra. Nígbà tí Boit bí ọmọkùnrin, ó sọ ọ́ ní Dæhlie. Ẹni tó bá ń wo ipò 92 nìkan kò rí nǹkan kan nínú ìtàn yìí. Ohun tó yẹ ká wò ni pé ọdún méjì tó fún ẹni tó ti ní èémí àti ẹsẹ̀ láti parí kìlómítà mẹ́wàá láàárín àwọn tó dára jù lọ láyé.

Isaac Menyoli ti Cameroon náà wà, tó ń gbé ní Milwaukee ní Amẹ́ríkà nígbà tó díje ní Salt Lake City ní ọdún 2002. Ní ọdún 2006 ni Robel Teklemariam gbé àsíá Ethiopia lọ sí Turin.

Ohun tó wà nínú pákó náà

Ìrìn méjì ló wà. Ìrìn títọ́ ni èyí tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń lọ nínú ipa méjì tí ẹ̀rọ ti gbẹ́ sílẹ̀, bí ojú irin rélùwéè. Ìrìn ẹ̀gbẹ́ ni èyí tí a ń ti ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíi ti àwọn tó ń fi bàtà onírin sáré lórí omi dídì. Láti ọdún 1988, ní Calgary, ni Òlíḿpíìkì ti ya méjèèjì sọ́tọ̀. Ìrìn títọ́ ni kí olùkọ́bẹ̀rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Síkì rẹ̀ máa ń fi nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà gùn ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ, ọ̀pá rẹ̀ sì máa ń dé abẹ́ apá tàbí kó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.

Bí a bá gbé síkì yìí lé orí tábìlì, a óò rí i pé àárín rẹ̀ tẹ̀ sókè bí ọrun ọdẹ. Orí àti ìdí rẹ̀ nìkan ló kan tábìlì. Níbẹ̀ ni gbogbo ọgbọ́n eré náà wà. Ìda tó ń yọ̀ ni wọ́n ń fi pa orí àti ìdí. Ìda tó ń di òjò dídì mú ni wọ́n ń fi pa àárín. Nígbà tí ara bá wà lórí ẹsẹ̀ méjèèjì, ọrun náà kò tẹ́, àárín kò kanlẹ̀, ènìyàn á máa yọ̀ lọ. Nígbà tí gbogbo ara bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ kan, ọrun á tẹ́, ìda àárín á di ilẹ̀ mú, a ó sì rí ibi tí a óò ti fi ẹsẹ̀ ta ara wa síwájú.

Àṣìṣe olùkọ́bẹ̀rẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ, gbogbo ìyókù ọmọ rẹ̀ ni. Nítorí ìbẹ̀rù, ó ń pín ara sí méjì lórí ẹsẹ̀ méjèèjì. Ọrun kò ní tẹ́, síkì á máa yọ̀ padà sẹ́yìn, òun á sì máa dá ìda lẹ́bi. Ohun tí ó yẹ kó ṣe ni ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá ń ti orí òkúta kan bọ́ sórí òmíràn nínú odò lẹ́ẹ̀rùn: a kì í fi ààbọ̀ ara lé òkúta. Nítorí èyí ni àwọn olùkọ́ ṣe máa ń gba ọ̀pá lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kó má bàa fara ti ọ̀pá kó tó mọ bí a ṣe ń dúró lórí ẹsẹ̀ kan.

Síkì mìíràn wà tí kò nílò ìda àárín. Awọ onírun tí wọ́n fi irun ewúrẹ́ Angora ṣe ni wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ti fọwọ́ ra ara ewúrẹ́ rí mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: ọwọ́ ń yọ̀ tó bá ń lọ síbi tí irun kọjú sí, irun á sì dìde tí ọwọ́ bá ń padà. Irú èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ yá lò, nítorí mímọ ìda tó bá òtútù ọjọ́ kọ̀ọ̀kan mu jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀.

Kó tó kan òjò dídì

Àwọn ará Norway àti Sweden fúnra wọn kì í rí òjò dídì lóṣù mélòó kan lọ́dún. Síkì onítáyà ni wọ́n ń lò lójú títì nígbà náà: irin kúkúrú tó ní táyà kékeré níwájú àti lẹ́yìn, tí a ń de bàtà kan náà mọ́. Fún ìrìn títọ́, táyà kan nínú rẹ̀ kì í yí padà sẹ́yìn, kó lè dà bí ìda tó di ilẹ̀ mú. Eré síkì onítáyà ni Pita Taufatofua, ọmọ erékùṣù Tonga tí oòrùn ń pa, fi kó díẹ̀ nínú máàkì tó gbé e dé eré kìlómítà 15 ní PyeongChang.

Púpọ̀ nínú síkì onítáyà kò ní bíréèkì. Nítorí náà, ojú títì Kùtọnù sí Parakou tó gba Ṣábẹ̀ẹ́ kọjá, tí àwọn ọkọ̀ ńlá ń gbà, kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ gbé e lọ. Ibi tó tẹ́jú, tí mọ́tò kò gbà, ní òwúrọ̀ kùtù, pẹ̀lú akoto lórí, ni kí a ti kọ́ ọ. Ẹni tí kò sì ní in lè ṣe ohun tí àwọn ará Norway náà ń ṣe lẹ́ẹ̀rùn: kí ó mú ọ̀pá méjì, kí ó máa fi wọ́n gun òkè, kí ọwọ́ òsì máa bá ẹsẹ̀ ọ̀tún lọ. Òkè kò wọ́n ní Ṣábẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ibi ọ̀wọ̀ ni àwọn àpáta náà jẹ́ fún àwọn onílẹ̀, ẹ jẹ́ ká tọrọ ààyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí á tó gùn wọ́n.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ lórí òjò dídì

Fún ọmọ Benin tó bá wà ní Faransé, àwọn òkè Jura ni ilé eré yìí. Ní Amẹ́ríkà, ní Minneapolis, ipa síkì wà láàárín ìlú ní Theodore Wirth Park. Ní Kánádà, Gatineau Park kò jìnnà sí Ottawa. A máa ń yá síkì, bàtà àti ọ̀pá nírú ibi bẹ́ẹ̀. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rà wọ́n lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Aṣọ ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn wa ti ń rò lọ. Ìbẹ̀rù òtútù máa ń mú kí a wọ kóòtù tó nípọn, bẹ́ẹ̀ sì ni eré yìí ń mú ènìyàn làágùn bí ẹni tó ń ro oko. Aṣọ òwú tó bá ti mu òógùn á tutù mọ́ra. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn, tí a lè bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ló dára, kí èyí tó kan ara jẹ́ ti irun àgùntàn.

Láti dúró, a ó ta ìdí síkì méjèèjì sóde, orí wọn á súnmọ́ra, a ó tẹ orúnkún, a ó sì fi etí inú wọn ha ilẹ̀. Bí ìṣubú bá ti di dandan, kí a jókòó sí ẹ̀gbẹ́, kí a má ṣe na ọwọ́ síwájú. Láti dìde, a ó kọ́kọ́ yí síkì dábùú òkè kó má bàa yọ̀ lọ, a ó kúnlẹ̀, a ó sì gbé ẹsẹ̀ kan ṣáájú èkejì. Vasaloppet ti Sweden, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1922, gùn tó 90 kìlómítà, ṣùgbọ́n kìlómítà méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìwà wà lójú ipa. Ẹnikẹ́ni kì í fi bàtà lásán rìn nínú ipa tí ẹ̀rọ gbẹ́, nítorí ihò ẹsẹ̀ máa ń ba ti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn jẹ́. Ẹni tó ń gun òkè ló ń yà fún ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sì ṣubú yóò kọ́kọ́ kúrò lójú ọ̀nà, yóò sì padà fi òjò dídì dí ihò tí ara rẹ̀ gbẹ́ síbẹ̀ kó tó máa bá ìrìn rẹ̀ lọ.