Gbígbéra Pẹ̀lú Aṣọ Ìfò Nínú Ẹ̀fúùfù Líle

Paraglider jẹ́ aṣọ ìfò tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́ ìjókòó ẹni tí ń fò. Ní ọdún 2005 ni orílẹ̀-èdè Gánà bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún eré yìí ní àsìkò Ọdún Àjíǹde, lórí òkè Odweanoma ní Kwahu.

Bí iyára ẹ̀fúùfù bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó fi ń fa aṣọ yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Nítorí náà, bí ẹ̀fúùfù bá ń rọlẹ̀ tí ó tún ń le lójijì, tàbí tí òjò ṣú, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbéra.

Bí ẹ̀fúùfù bá le díẹ̀ ṣùgbọ́n tí ó ń fẹ́ déédéé, ẹni tí ó ti kọ́ṣẹ́ yóò kọjú sí aṣọ, yóò sì kẹ̀yìn sí ẹ̀fúùfù. Àárín aṣọ nìkan ni yóò tẹ́ sílẹ̀. Yóò ká etí méjèèjì jọ. Bí aṣọ ti ń dìde, yóò rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ kí ìfà náà lè dín kù. Nígbà tí aṣọ bá dúró déédéé lókè orí rẹ̀ ni yóò yíjú padà láti gbéra. Bí aṣọ bá ń wọ́ ọ, kí ó fa àwọn okùn ẹ̀yìn wálẹ̀ títí aṣọ yóò fi wó. Ìjókòó ni olùrànlọ́wọ́ gbọdọ̀ dì mú, kì í ṣe okùn.

Àwọn ará Omifunfun, Ọ̀rẹ̀ àti Òdígbó mọ ìjì tí ń ṣáájú òjò àkọ́rọ̀. Nínú irú ìjì bẹ́ẹ̀, kò sí ọgbọ́n ìgbéra tí ó lè dáàbò boni. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán eré yìí wò, kí ó dé akoto, kí ó sì bá olùkọ́ tí ó ní ìwé-ẹ̀rí fò.