Ìtàn Bí Kọ̀ǹpútà Ṣe Ń Gba Nọ́ńbà Kọjá Ààlà

Ẹ̀yin ọmọ Kétu, láti Okpomèta dé Ìmẹ̀kọ, ẹ gbọ́. Ìtàn nọ́ńbà la mú wá lónìí.

Gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì ló gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà, tí à ń pè ní adírẹ́sì IP. Bí ẹ̀rọ méjì nínú ilé kan bá ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà, iṣẹ́ wọn á dàrú. Láyé ìjelòó, ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1985, Bill Croft àti John Gilmore gbé BOOTP jáde: ẹ̀rọ á béèrè nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn gbọ́dọ̀ ti kọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀ ṣáájú. Ní 1993 ni DHCP dé. Ralph Droms, olùkọ́ ní yunifásítì Bucknell ní Amẹ́ríkà, ló kọ ìlànà rẹ̀. Àtúnṣe ńlá rẹ̀ jáde ní 1997. Nọ́ńbà wá di ohun àyálò: bí àkókò bá pé tí ẹ̀rọ kò tún un gbà, ẹlòmíràn á jogún rẹ̀.

Ìṣòro kan wà. Ẹ̀rọ tuntun kò mọ ẹnikẹ́ni, nítorí náà ó máa ń kígbe sí gbogbo àdúgbò rẹ̀, igbe yìí kì í sì í kọjá ààlà àdúgbò. Àwa tí àdéhùn Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín sí méjì ní 1889 mọ ohun tí ààlà ń ṣe. Ṣé ká wá fi ẹ̀rọ olùpín kan sí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ni? Rárá o. Ẹ̀rọ tó dúró lẹ́nu ààlà la fi ń ṣe alárinà: ó gba igbe náà, ó fi adírẹ́sì tirẹ̀ ní àdúgbò yẹn sí i, ó sì fi ránṣẹ́ sí olùpín. Adírẹ́sì yẹn ni olùpín ń wò tó fi mọ agbọ̀n tó yẹ kó ti mú nọ́ńbà.

Nọ́ńbà IPv4 kò ju bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé. Kí AFRINIC tó gba iṣẹ́ yìí ní 2005, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ Áfíríkà ń lọ tọrọ tiwọn ní Yúróòpù tàbí Amẹ́ríkà. Adiel Akplogan, ọmọ Tógò, ni olùdarí àgbà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní ilé mẹ́ta kò nílò olùpín mẹ́ta. Ẹyọ kan tó, bí alárinà bá wà. Owó la fi ń ṣọ́ yẹn. Ẹ kà á fún àwọn ọmọ wa tó ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ká má baà máa ránṣẹ́ sí Kùtọnu nígbàkígbà tí nọ́ńbà méjì bá forí gbárí.