Hylas àti Àwọn Ọmọbìnrin Inú Omi

Ọdún 1896 ni John William Waterhouse, ayàwòrán ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí sí ìlú Róòmù, ya àwòrán tó pè ní Hylas and the Nymphs. Ìlú Manchester ló wà títí dòní.

Inú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́ ló ti mú un. Hylas jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá Heracles, akọni wọn, rìnrìn àjò nínú ọkọ̀ ojú omi Argo. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, ó lọ pọnmi. Àwọn iwin obìnrin tó ń gbé inú omi rí i, ẹwà rẹ̀ wọ̀ wọ́n lójú, wọ́n sì fà á wọlé. Heracles wá a kiri inú igbó títí, ó ń ké orúkọ rẹ̀, àwọn yòókù sì ṣíkọ̀ fi í sílẹ̀.

Waterhouse kò ya ibi tí wọ́n ti fà á wọlé. Ìgbà díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ló yà. Hylas ti bẹ̀rẹ̀ létí omi pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀. Omi náà dúdú, ewé òṣíbàtà bò ó, ọmọbìnrin méje sì yọ láti inú rẹ̀ pẹ̀lú òdòdó nínú irun. Ọ̀kan ti di apá rẹ̀ mú. Ojú wọn jọra tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn á fi rò pé ìyá kan ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà.

Ohun tó ká mi lára nìyẹn. Theocritus, akéwì Gíríìkì tó sọ ìtàn yìí ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, dárúkọ mẹ́ta nínú wọn: Eunica, Malis àti Nycheia. Nínú àkọlé Waterhouse, Hylas nìkan ló lórúkọ. Ẹ rántí pé lọ́dún tó yà á, obìnrin kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò yan aṣòfin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1918 ni wọ́n tó gbà fún apá kan nínú wọn.

Lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n gbé àwòrán náà kúrò lára ògiri fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, nínú iṣẹ́ tí Sonia Boyce, obìnrin oníṣẹ́ ọnà, darí, kí àwọn èèyàn lè jíròrò bí a ṣe ń fi ara obìnrin hàn. Àwọn tó wá wòran lẹ ìwé pélébé mọ́ àyè tó ṣófo. Inú bí ọ̀pọ̀ wọn. Ìbéèrè náà tọ́ lójú tèmi, àmọ́ ta ló lè rí ojú méje tó jọra lára ògiri òfìfo? Wọ́n dá a padà lóṣù kejì. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní gbé e kúrò. Màá kọ Eunica, Malis àti Nycheia sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.