Òtítọ́ Tí Ó Kùtà: Ìtàn Bí A Ti Ṣe Wọn Ínsúlínì

Àwọn baba wa a máa wí pé òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Ẹ̀yin ará, ìtàn tí a mú wá fún yín yìí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣẹ láàrin àwọn amòye pàápàá.

Ínsúlínì ni èròjà tí ara fi ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1922, ní ìlú Toronto ní Kánádà, ni a kọ́kọ́ fi í tọ́jú ènìyàn tí àtọ̀gbẹ ń ṣe. Láti ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ ni a ti ń yọ ọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti wọ̀n.

Lẹ́yìn ọdún 1950, Rosalyn Yalow àti dókítà Solomon Berson, ní ilé ìwòsàn àwọn ológun àtijọ́ ní Bronx, New York, fi èròjà onítànṣán sàmì sí ínsúlínì, wọ́n sì fi í sínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn kan. Wọ́n rí i pé ó ń pẹ́ jù lára àwọn tí a ti ń fún ní ínsúlínì tẹ́lẹ̀. Ara wọn ti dá áńtíbọ́dì sílẹ̀, èyíinì ni ẹ̀ṣọ́ tí í di ohun àjèjì mú.

Àwọn amòye kò gbà. Wọ́n ní ínsúlínì kéré jù fún ara láti dá ẹ̀ṣọ́ sí i. Ìwé ìròyìn kan kọ iṣẹ́ náà; òmíràn kò tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1956 àfi ìgbà tí wọ́n yọ orúkọ áńtíbọ́dì kúrò nínú àkọlé rẹ̀.

Àwọn méjèèjì kò rẹ̀wẹ̀sì. Ẹ̀ṣọ́ náà gan-an ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n. Ẹ fi ojú inú wo ilé ìpàdé tí ìjókòó rẹ̀ kò pọ̀. Áńtíbọ́dì ni ìjókòó. Ínsúlínì alámì wọlé. Èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, tí kò ní àmì, sì ń bá a du àyè. Bí aláìlámì bá pọ̀, alámì díẹ̀ ni yóò rí ibi jókòó. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka alámì tí ó jókòó lè mọ iye ínsúlínì aláìsàn náà.

Ní ọdún 1960 ni wọ́n ṣe àlàyé ọ̀nà yìí ní kíkún, wọn kò sì sọ ọ́ di ohun ìní ara wọn. Ọ̀nà kan náà ni a fi wá àrùn ẹ̀dọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń fi tọrẹ.

Berson kú ní ọdún 1972. Ní ọdún 1977, Yalow gba ẹ̀bùn Nobel. Nínú àsọyé rẹ̀ níbẹ̀, ó fi ìwé tí a fi kọ iṣẹ́ wọn hàn gbogbo ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń jókòó ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ṣọ́ra. Kí a tó lé òtítọ́ kúrò lọ́jà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé e lé òṣùwọ̀n.